Òkúta Tó Mọ́ Jù

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú Iléyá, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló sọ ọ́. Ìmẹ̀pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé wọn, Màmá Ìmẹ̀pẹ́ ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Wọ́n ní, "Èmi ò mọ òkúta o. Iyùn ni mo mọ̀." Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé ni pé kò tíì tó wákàtí kan sígbà náà tí mo fojú ara mi rí wọn tí wọ́n ṣèdájọ́ òkúta kan, ìdájọ́ náà sì tọ́. Báwo lẹni tí kò mọ òkúta ṣe wá mọ èyí? Kí gan-an là ń pè ní mímọ òkúta?

Kì í ṣe Màmá nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dé pápá lọ́jọ́ Òjúde Ọba, ká wo bí àwọn èèyàn wa ṣe ń wo ara wọn. Ẹni tó jókòó lókèèrè á ti mọ regbéregbé tó ná owó gidi sórí aṣọ òfì, á ti mọ ọrùn tí iyùn àjogúnbá wà àti ọrùn tí wọ́n yá ìlẹ̀kẹ̀ fún. Ẹ wá gbé òrùka tó ní òkúta aláwọ̀ lé ẹni yìí kan náà lọ́wọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé ojúlówó ni?" Ẹni tó ń tà á á ní ojúlówó ni. Ó parí, ó ku owó. Àwa tí a kì í gba oníléèsì gbọ́ láéláé!

Lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ kan

Ọmọ Màmá tó kẹ́yìn ló ń ṣègbéyàwó, wọ́n sì fẹ́ ra òrùka kan fún un, èyí tí ìyá fi ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé mo máa ń kàwé nípa òkúta iyebíye. Mo gbéra láti Ṣágámù, a pàdé, a sì yà sí ìsọ̀ kan nítòsí Òkè-Ajé. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ mọ èèyàn-án gbà. Ó fún wa lága, ó fún wa lómi, ó wá gbé òrùka góòlù kan jáde tí òkúta aláwọ̀ ewé jókòó sórí rẹ̀.

"Émírádì ni, Màmá. Kò lábàwọ́n kankan nínú. Ẹ wo bó ṣe mọ́ gaara."

Ó mọ́ lóòótọ́. Gílóòbù funfun ńlá kan ló wà lókè tábìlì onídígí rẹ̀, kò sì sí ohun tí kì í dán lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀. Mo gba òrùka náà, mo yí i síwá sẹ́yìn, mo ń rántí oríṣiríṣi nǹkan tí mo ti kà, ẹnu mi kò sì gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń gbé léèsì jáde kí wọ́n tó sanwó, nítorí kò sí obìnrin Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ pé àwọ̀ tí iná ìsọ̀ fi hàn kọ́ ni oòrùn máa fi hàn lóde àríyá. Wọ́n gbé òrùka náà sí oòrùn, wọ́n gbé e sí òjìji. Wọ́n fi òkúta rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n tún fi kan ètè. Wọ́n wá fi èékánná tọ etí ibi tí wọ́n ti gé òkúta náà, díẹ̀díẹ̀, yípo. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ọjà tó kù tò.

Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n gbé òrùka náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ó mọ́ jù. Kò sì tutù."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣebí bó ṣe mọ́ yẹn gan-an niyì rẹ̀."

"Ohun tí Ọlọ́run bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe máa ń ní àmì lára, ọmọ mi. Bá mi gbé òmíràn wá."

Mo tọrọ awò kékeré tó fi ń wo àmì ara góòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe gbé e sójú, mo rí i: afẹ́fẹ́ kéékèèké róbótó-róbótó há sínú òkúta náà, mẹ́ta pa pọ̀ lójú kan, ọ̀kan dá wà. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń há sínú dígí nígbà tó bá ń tutù bọ̀ látinú iná. Etí ibi tí wọ́n ti gé e náà kò mú, ó ti ń di roboto, èyí tí kì í tètè ṣẹlẹ̀ sí émírádì nítorí ó le ju dígí lọ dáadáa. Ọkùnrin náà kò bá wa jà. Ó ní bí wọ́n ṣe gbé e fún òun lòun ṣe ń tà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

Ọ̀nà ilé ni mo ti ń yìn wọ́n, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ iyùn yẹn dá mi lóhùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà lára iyùn

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo ti wá ro ohun tí Màmá ṣe lẹ́nu ọ̀nà yẹn títí, mo sì rí i pé ara iyùn ni wọ́n ti kọ́ gbogbo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ká sọ tòótọ́, iyùn kì í ṣe òkúta. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ló ń fi ara wọn kọ́ ọ, ohun tí wọ́n sì fi ń kọ́ ọ kò yàtọ̀ sí èyí tí ìkarahun ìgbín jẹ́. Iyùn pupa tí aráyé mọ̀ jù, Òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, ìlú Torre del Greco ní Ítálì sì ti lókìkí tipẹ́ nídìí gígé e. Nítorí pé ẹ̀dá alààyè ló kọ́ ọ, kò sí hóró méjì tó bára mu délẹ̀. Ọ̀kan á pọ́n ju èkejì lọ. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ á wà lára èyí, ihò kékeré á wà lára ìyẹn. Ti rọ́bà ló máa ń bára mu. Ẹ bá fọwọ́ lé e, rọ́bà kò wúwo, kò sì tutù sára.

Ẹni tó ti ń ra iyùn, tó ti ń tún un sín, tó ti ń yá ọmọ àbúrò, tó sì ń kà á nígbà tí wọ́n bá dá a pa dà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi ojú àti ara kọ́ ohun mẹ́ta: àwọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó tọ́, òtútù, àti àmì ìbí. Nǹkan mẹ́ta yìí náà ni àwọn tó ń fi àyẹ̀wò òkúta ṣiṣẹ́ ṣe kọ́kọ́ máa ń wò, kó tó di pé wọ́n gbé ẹ̀rọ jáde. Òkúta gidi máa ń fa ooru kúrò lára awọ wa kíákíá ju bí dígí ṣe ń fà á lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tutù létè. Ní ti émírádì, àmì kì í wọ́n nínú rẹ̀, ó pọ̀ débi pé àwọn oníṣòwò Faransé ń pe àmì wọ̀nyẹn ní ọgbà. Èyí tó bá mọ́ gaara pátápátá ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó tí wọ́n máa fi jókòó sínú àwo kan náà pẹ̀lú yẹtí ọmọdé.

Torí náà, nígbà tí Màmá ní àwọn ò mọ òkúta, ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún wọn pé ohun tí àwọn mọ̀ ń jẹ́ ìmọ̀.

Ibi tí òfin Màmá ti parí

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú "ó mọ́ jù" lọ sọ́jà gẹ́gẹ́ bí òfin o. Bó bá jẹ́ aquamarine ni ọkùnrin yẹn gbé jáde, tí Màmá fi ọ̀rọ̀ yìí lé e dà nù, òkúta tó dáa ni wọn ì bá pàdánù. Aquamarine sábà máa ń mọ́. Topaz náà ń mọ́, amethyst náà ń mọ́. Ohun tó wá dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé ọmọ ìyá kan náà ni aquamarine àti émírádì, beryl ni àwọn méjèèjì.

Beryl tí kò ní ohunkóhun nínú kò láwọ̀ rárá. Bí èròjà tí wọ́n ń pè ní chromium tàbí vanadium bá yọ́ wọ inú rẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń dàgbà nínú ilẹ̀, ó di aláwọ̀ ewé, ó di émírádì. Bó bá jẹ́ irin ló wọ inú rẹ̀, ó lè mú àwọ̀ omi òkun, a ó sì pè é ní aquamarine. Ẹ wá wo ìdílé kejì. Òkúta tí wọ́n ń pè ní corundum náà kò láwọ̀ fúnra rẹ̀. Chromium díẹ̀ ló ń sọ ọ́ di rúbì pupa, irin àti titanium ló ń sọ ọ́ di sàfáyà búlúù. Ẹ ṣàkíyèsí chromium yẹn: òun kan náà tó mú beryl di ewé ló mú corundum di pupa. Òkúta tó gbà á lálejò ló pinnu ohun tí ìmọ́lẹ̀ máa bá níbẹ̀. Mo ti mọ èyí láti ọdún pípẹ́, síbẹ̀ ẹnu ṣì máa ń yà mí.

Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárín wa ti gbọ́ orúkọ àwọn òkúta wọ̀nyí títí, nínú Ìfihàn orí 21, níbi tí òkúta méjìlá ti jẹ́ ìpìlẹ̀ Jerúsálẹ́mù Tuntun. Sàfáyà wà níbẹ̀, émírádì wà níbẹ̀, beryl, topaz àti amethyst náà wà níbẹ̀. A ń kà wọ́n kọjá, a sì ń ṣe àmín. Mélòó nínú wa ló ti béèrè bí wọ́n ṣe rí?

Ní tèmi, bí mo bá fẹ́ wo òkúta aláwọ̀, mi ò kì í kàn tẹjú mọ́ ọn. Mo máa ń yí i. Tourmaline, fún àpẹẹrẹ, lè jẹ́ àwọ̀ ewé láti ẹ̀gbẹ́, kó sì dúdú bọ̀rọ̀ bí ẹ bá wò ó láti orí, torí náà ẹni tó ń gé e gbọ́dọ̀ mọ ojú tó máa gbé sókè. Gígé tí kò dáa lè sọ òkúta olówó iyebíye di ohun tí kò láyọ̀ lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn tó fẹ́ràn sàfáyà dúdú jiyàn. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ti dúdú jù, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lóde àríyá, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé búlúù ni wọ́n rà. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé tó sì ń jáde nínú rẹ̀, wù mí jù ú lọ, kódà kó kéré.

Líle òkúta náà ṣe pàtàkì, àmọ́ mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Friedrich Mohs, onímọ̀ òkúta kan, ló to wọ́n láti 1, èyí tó rọ̀ jù, dé 10, èyí tó le jù, lọ́dún 1812. Dáyámọ́ńdì ni 10, rúbì àti sàfáyà ni 9, topaz ni 8. Yanrìn tó wà nínú eruku ọyẹ́ jẹ́ 7, iyùn kò sì ju bíi 3 ààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fi aṣọ gbígbẹ nu eruku kúrò lára iyùn, yanrìn ló fi ń ha á. Òórùn dídùn tí à ń fọ́n sọ́rùn àti òógùn náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Dígí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí lè bí àwọn kan nínú. Òrùka Òkè-Ajé yẹn kò burú nítorí pé dígí ni.

Dígí ni sẹ̀gi. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn, tí Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá wà lára wọn, ti hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí lọ́pọ̀ yanturu, pẹ̀lú àwo amọ̀ tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n fi ń ṣe dígí, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń yọ́ dígí tí wọ́n kó wá láti òkèèrè. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló wọ ọrùn ọba, tó wọ inú oríkì, tí a sì fi ń sọ ọmọ ní Sẹ̀gilọlá. Kò sí ẹni tó jẹ́ pe sẹ̀gi ní ayédèrú, nítorí kò sí ẹni tó tà á fún wa ní orúkọ sàfáyà.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń rò pé ìbéèrè "ṣé ojúlówó ni?" kò gbé wa débì kankan. Lọ́dún 1902, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Auguste Verneuil kéde ọ̀nà tí èèyàn lè gbà fi iná ṣe rúbì. Rúbì tirẹ̀ kì í ṣe dígí. Ohun tó wà nínú rúbì inú ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, líle wọn dọ́gba, chromium kan náà ló fún un láwọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé inú ilé iṣẹ́ ló ti dàgbà láàárín wákàtí díẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré jọjọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè Màmá kò lè mọ ìyẹn láéláé. Awò tó lágbára ló máa fi hàn pé ìlà inú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, nígbà tí ìlà inú ti ilẹ̀ máa ń tọ́. Ṣé ojúlówó ni àbí kì í ṣe ojúlówó? Ó sinmi lórí ohun tí wọ́n sọ fún yín kí ẹ tó sanwó.

Adé ọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Òkúta pupa ńlá tó wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n ti ń pè ní Black Prince's Ruby tipẹ́tipẹ́, kì í ṣe rúbì rárá, òkúta mìíràn tó ń jẹ́ spinel ni. Wọ́n mọ̀, wọn ò sì yọ ọ́, nítorí ó rẹwà, ìtàn sì wà lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iná àti òróró. Ọ̀pọ̀ sàfáyà tó wà lọ́jà ni wọ́n ti fi sínú iná tó gbóná kọjá 1,000 lórí ìwọ̀n Celsius kí àwọ̀ rẹ̀ lè là. Émírádì tó pọ̀ jù lọ ni wọ́n ti fi òróró kún inú ìlà ara rẹ̀, kí ìlà náà má bàa hàn. Kò sí èrú níbẹ̀ bí wọ́n bá sọ fún ẹni tó ń rà á. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ, nítorí ẹni tí kò mọ̀ á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ émírádì rẹ̀, òróró á jáde, ìlà á yọ, á sì lọ máa ṣépè fún alágbẹ̀dẹ wúrà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tí mo wá ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òkúta nísinsìnyí ni pé: òkúta wo ni? Ilẹ̀ ló ti wá ni àbí ilé iṣẹ́? Kí ni wọ́n ti ṣe sí i lára? Kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sórí ìwé ẹ̀rí owó. Ẹni tó ń ta ọjà re kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Àwọn kan ti lé mi jáde nítorí rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìdí ọmọ tiwa

Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí mo bá rántí òwe yìí, Òkè-Ògùn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Láti nǹkan bí ọdún 1998 ni àwọn oníṣòwò òkúta kárí ayé ti ń sọ̀rọ̀ tourmaline pupa tó jáde ní ìhà Ọ̀yọ́. Garnet aláwọ̀ ọsàn náà ń jáde ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Aquamarine wà ní Nasarawa, sàfáyà búlúù wà lórí òkè Mambilla ní Taraba. Ẹni tó bá lọ sí ọjà òkúta ní Òjóo, ní Ìbàdàn, á bá àwọn Hausa àti Yorùbá tí wọ́n jókòó ti bébà funfun tí wọ́n ṣẹ́ mọ́ òkúta nínú, tí wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń bá bàálù lọ ní tútù, láìgé. Jaipur ní Íńdíà ni wọ́n ti ń gé òmíràn, Thailand ni wọ́n ti ń gé òmíràn. Ká tó rí i níbí mọ́, ó ti wà nínú òrùka tí wọ́n gbé wá láti Dubai, a ó sì fi owó ìlú òyìnbó rà á. Nígbà kan rí, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni ọjà etíkun ń gbà wọ ilẹ̀ inú, títí ogun Ìmàgbọn 1892 fi já ọ̀nà náà mọ́ wa lọ́wọ́. Òkúta ilẹ̀ wa ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lónìí, a kò tilẹ̀ gbowó ibodè lórí rẹ̀.

Kì í sì ṣe pé Yorùbá kò gé òkúta rí. Nígbà kan rí, àwọn ará Ìlọrin máa ń fi ọwọ́ gé òkúta pupa, wọ́n ń lu ú níhò, wọ́n ń dán an lórí òkúta mìíràn títí tó fi di lántánà tí àwọn ìyá wa ń sín sọ́rùn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ló pa iṣẹ́ náà lára.

Mo ti gbé àbá kan síwájú ẹgbẹ́ wa fún Òjúde Ọba tó ń bọ̀: dípò ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà tí à ń pààrọ̀ lọ́dọọdún, ká ra tourmaline Òkè-Ògùn, kékeré, ká wá ẹni tó máa gé e fún wa níbí, kí olúkúlùkù fi ọ̀kan sí òrùka. Àwọn kan ti ní kò lè ṣeé ṣe, nítorí àwọ̀ wọn kò ní dọ́gba, ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mo ní aṣọ á dọ́gba, fìlà á dọ́gba, ẹ jẹ́ kí òkúta olúkúlùkù jẹ́ tirẹ̀, kí ọ̀kan pọ́n, kí èkejì ṣú díẹ̀. Ìjiyàn náà kò tíì parí. Akápò ní kí n lọ Òjóo kí n lọ mú iye owó wá ná, owó ọkọ̀ sì wà lápò ara mi.